Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀kọ́ Ààbò fún Àwọn Awakùsà

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, pé wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn awakùsà ní ọ̀nà tí wọn yóò fi dáàbò bo ẹ̀mí ara wọn, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín. Ó ní, 'Kí ni ti olùkọ́ èdè nínú ihò kùsà?' Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. N kò wa kùsà rí, n kò sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún mi láyè díẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ẹnu kànga. Ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, bí agbẹ́kàǹga bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga àtijọ́ tí wọ́n ti bò lójú fún ìgbà pípẹ́, kì í kàn wọ inú rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Yóò so àtùpà tí ó ń jó mọ́ okùn, yóò sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Bí iná náà bá kú kí ó tó dé ìsàlẹ̀, ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú kànga náà kò ṣeé mí. Kò ní wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo rí i, mo sì rò pé idán ni bàbá náà ń pa. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe idán.

Ẹ wá gbé ọgbọ́n yìí kan náà lọ sí inú ihò èédú. Afẹ́fẹ́ kan wà tí ó máa ń jáde láti ara èédú, tí wọ́n ń pè ní methane. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí ó bá tó ìdá 5 sí ìdá 15 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀, iná kékeré kan ti tó láti mú un bú gbàù. Ẹni tí ó bá sọ àtùpà lásán sísàlẹ̀ níbẹ̀ láti fi dán afẹ́fẹ́ wò, òun àti àtùpà rẹ̀ ni yóò jùmọ̀ lọ. Nítorí irú èyí ni Humphry Davy, ará Ìlú Ọba, ṣe wá ọgbọ́n àtùpà tí wọ́n fi àwọ̀n wáyà yí iná rẹ̀ ká ní 1815. Ìmọ̀ tí ó gba ẹ̀mí là nínú ihò kan ni ó ń pa ènìyàn nínú ihò kejì.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ẹ̀kọ́ náà wà. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tiwa, àṣìṣe ni ó ń kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà yóò fi òòlù lu ìka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò ṣọ́ra. Ọmọ tí ń kọ́ aṣọ híhun yóò já òwú, ọ̀gá rẹ̀ yóò bá a wí, yóò sì tún un ta. Ṣùgbọ́n nínú ihò kùsà, àṣìṣe àkọ́kọ́ lè jẹ́ àṣìṣe ìkẹyìn, ẹni tí ó bá sì ṣe é kì í sábà padà wá láti sọ ohun tí ó rí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Báwo ni a óò ṣe fún ènìyàn ní ìrírí ohun tí ń pani, láìjẹ́ pé a pa á?

Kí kọ̀ǹpútà tó dáhùn ìbéèrè yìí, ìwé ni ó kọ́kọ́ dá a lóhùn, inú mi sì máa ń dùn sí apá yìí nítorí pé olùkọ́ ni mí. Ní àárín 1980 sí 1990, àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwakùsà níbẹ̀, ṣe àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi tàdáwà àìrí tẹ ìdáhùn wọn. Ìtàn jàǹbá ni ó wà nínú ìwé náà, bí èyí tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìtàn náà yóò dé ibì kan, yóò dúró, yóò sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: Èéfín ti dé ọ̀dọ̀ rẹ báyìí, kí ni ìwọ yóò ṣe? Oríṣiríṣi ohun tí ó lè ṣe wà ní ìlà ní ìlà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gègé àkànṣe kan pa ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó yàn, ọ̀rọ̀ tí ó farapamọ́ yóò sì yọ jáde láti sọ ohun tí ó tẹ̀yìn ìpinnu rẹ̀ jáde. Kò lè pa á rẹ́ mọ́. Ẹ fi èyí wé ìdánwò tí àwa ń fún àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwa a máa fi lẹ́ẹ̀dì pupa fa ìlà sí ìdáhùn tí kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ parí. Ìwé Kentucky kò fa ìlà. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé òòyì ti ń kọ́ ọ, pé ẹnì kejì rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ kò sì lè dìde mọ́, ó sì tún bi í pé, kí ni ó kù tí ìwọ yóò ṣe?

Ohun tí kọ̀ǹpútà wá ṣe ni pé ó fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ojú àti etí. Nígbà tí a bá ní kọ̀ǹpútà ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe pàṣípààrọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹ̀rọ ń béèrè, ènìyàn ń yàn, ohun tí ènìyàn yàn sì ń yí ohun tí yóò tẹ̀lé e padà. Fíìmù kò lè ṣe èyí. Bí a bá sùn lójú fíìmù, fíìmù kò dúró dè wá.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan wà tí ń ṣe ìwádìí lórí ààbò àti ìlera àwọn òṣìṣẹ́, NIOSH ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀. Àwọn olùwádìí rẹ̀ ní Pittsburgh ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MERITS. Àwọn ọ̀gá tí ó wà lókè ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tí ó gbọ́dọ̀ pàṣẹ nígbà tí iná bá ṣẹ́ yọ nísàlẹ̀: ta ni kí a pè, ta ni kí a má jẹ̀ẹ́ kí ó wọlé, ṣé kí a pa ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò ni tàbí kí a jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́. Nínú ètò náà, aago ń lọ, ìròyìn ń wọlé ní àbọ̀ ní àbọ̀, bí ó ti máa ń rí ní ọjọ́ gidi. Wọ́n tún ṣe òmíràn tí ń jẹ́ EXAMiner. Àwòrán fífẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni yóò gbé síwájú òṣìṣẹ́, tí yóò sì ní kí ó tọ́ka sí gbogbo ewu tí ó bá rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi àwọn tí kò rí hàn án. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dán ènìyàn wò, ewu tí wọ́n rí kò ju bí ìdajì àti díẹ̀ lé lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà lára wọn.

Ṣé ọ̀rọ̀ wíwò nìkan ni? Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2006, ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ nínú ihò èédú Sago ní West Virginia. Àwọn ọkùnrin 13 há sísàlẹ̀, 12 nínú wọn ni ó kú. Ọ̀kan ni ìbúgbàù náà pa ní tààrà. Àwọn yòókù, èéfín olóró ni ó pa wọ́n níbi tí wọ́n ti fi aṣọ dínà fún un tí wọ́n ń dúró de ìrànlọ́wọ́. Olúkúlùkù wọn ni ó ní agolo afẹ́fẹ́ tí awakùsà ń gbé káàkiri, èyí tí ó lè fún un ní ọ́síjìn fún nǹkan bí wákàtí kan. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó yè sọ pé mẹ́rin nínú àwọn agolo náà kò ṣiṣẹ́. Àwọn olùwádìí ìjọba yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn náà, wọ́n ní wọ́n lè ṣiṣẹ́. N kò ní dá ẹjọ́ náà láti orí àga yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú nípa irú agolo bẹ́ẹ̀: bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń gbóná, èémí inú rẹ̀ sì máa ń le láti fà. Ẹni tí kò lò ó rí lè rò pé ó ti bàjẹ́, kí ó sì yọ ọ́ lẹ́nu. Òfin tuntun tẹ̀lé jàǹbá náà ní ọdún yẹn. Láti ìgbà náà, àwọn awakùsà èédú Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ máa fi agolo náà ṣe ìdánrawò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọn a fi èyí tí wọ́n dìídì ṣe kí ó gbóná kí ó sì le láti mí kọ́ wọn, kí ẹnu àti àyà wọn lè mọ̀ ọ́n. Mo sọ èyí nítorí àwọn tí ó rò pé ohun gbogbo ni a lè fi ojú kọ̀ǹpútà kọ́. Kọ̀ǹpútà lè kọ́ ènìyàn ní ìpinnu, kò lè kọ́ ẹ̀dọ̀fóró ní sùúrù.

Etí náà wà níbẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà nísàlẹ̀ ilẹ̀, awakùsà a máa fi ọ̀pá irin gígùn kan àjà ihò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí òkúta náà bá dì dáadáa, yóò dún gooro bí agogo. Bí ó bá ti là nínú, tí ó fẹ́ já bọ́, yóò dún bí ìlù tí ojú rẹ̀ dẹ̀. Àwọn awakùsà elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá máa ń fi ìlù ṣàpèjúwe ìró náà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ rí i pé etí tí ó mọ̀ dùndún yàtọ̀ sí gángan kò níṣòro níbẹ̀! Ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá fi àwòrán àjà ihò hàn láìfi ìró rẹ̀ hàn, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ni.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ohun tí ó mú mi wá síbí báyìí. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn ihò wúrà kan ti jìn tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá sí ihò wọ̀nyí tipẹ́ láti Lesotho, láti Mozambique, láti Malawi àti láti àwọn ibòmíràn, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè abínibí rẹ̀. Èdè tí àwọn ọ̀gá fi ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ni Fanakalo. Ọ̀rọ̀ Zulu ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Afrikaans sì fi díẹ̀ kún un. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an ni 'bí èyí', tàbí 'báyìí'. Báyìí ni kí o dì í mú. Báyìí ni kí o tì í. Èmi kò ní sọ pé èdè kan wà láyé tí kò lè béèrè ìbéèrè. Kò sí onímọ̀ èdè tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Lílò rẹ̀ ni mo ń wí. Èdè àṣẹ ni wọ́n sọ ọ́ dà, ọ̀gá ni ó ń sọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe é.

Ẹ fi èyí kọ́ ohun tí mo sọ nípa kọ̀ǹpútà. Gbogbo agbára ẹ̀rọ náà wà nínú bíbéèrè: kí ni ìwọ yóò ṣe? Òfin ìlera àti ààbò inú kùsà tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà ní 1996 sọ ọ́ ní abala rẹ̀ kẹtàlélógún pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbi iṣẹ́ tí ó bá rí i pé ó léwu. Ẹ̀tọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀tọ́ náà gbọ́dọ̀ lè dá ewu mọ̀, kí ó lè dárúkọ rẹ̀, kí ó sì lè bá ọ̀gá jiyàn lórí rẹ̀. A kò lè fi èdè tí a fi ń gba àṣẹ nìkan jiyàn. Láti nǹkan bí 2001 ni àwọn olùwádìí ibẹ̀ ti ń kọ̀wé lórí bí wọn yóò ti fi àwòrán kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ kọ́ àwọn awakùsà, Yunifásítì Pretoria sì ṣí gbọ̀ngán ńlá kan fún irú rẹ̀ ní 2015. Bí mo bá ń ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mi máa ń jẹ́ ọ̀kan náà: èdè wo ni ẹ̀rọ náà fi ń bi wọ́n?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ní ihò wúrà Kinross, iná iṣẹ́ àwọn ajórin mú fóòmù tí wọ́n fi bo ara ògiri ọ̀nà abẹ́lẹ̀, èéfín olóró rẹ̀ sì pa òṣìṣẹ́ 177. Kò sí ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ awakùsà tí yóò sọ fóòmù náà di ohun tí kì í jó. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́. Nígbà tí ẹ bá sì gbọ́ pé iye awakùsà tí ń kú lẹ́nu iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè náà ti dín láti 615 ní 1993 sí 42 ní 2024, kí ẹ mọ̀ pé òfin, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ihò tí wọ́n ti pa tì wà nínú ìdí rẹ̀, kí ẹ tó fi ìyókù fún ẹ̀rọ.

Nílé ńkọ́? Wúrà ń bẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń wa á ní Ṣẹ̀gilọlá, níbi tí wọ́n ti yọ́ wúrà wọn àkọ́kọ́ ní 2021, lè dá olùkọ́ ààbò tirẹ̀ ní. Àwọn tí ń fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Ìtagúnmodì ni ó ń kó mi lọ́kàn sókè. Ihò lásán ni, kò sí òpó, òjò sì ń rọ̀ sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, irú ihò bẹ́ẹ̀ ya lulẹ̀ lé àwọn ènìyàn lórí ní Galkogo, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ní Zamfara ní 2010, kì í ṣe ihò ni ó pa àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400. Òjé inú erùpẹ̀ wúrà tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ ní àyíká ilé ni. Irú àwọn òṣìṣẹ́ báyìí kò ní rí gbọ̀ngán Pretoria láéláé. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù wà lápò ọ̀pọ̀ nínú wọn, tẹlifóònù sì ti di kọ̀ǹpútà.

Kí a sọ pé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún wọn ní Yorùbá. Àwòrán ihò jáde, ògiri rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí là, ẹ sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ. Kí ni ẹ óò kọ? Bí ẹ bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe lórí tẹlifóònù, O ya ni yóò jáde. Ó ya ni ẹ ní lọ́kàn, pé ilẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n Ó yá ni ẹni tí ó wà nínú ihò yóò kà, nítorí òun ni a ń sọ jù lójoojúmọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ó tẹ̀ síwájú! Àmì kékeré kan tí àwọn kan ń pè ní wàhálà àwa olùkọ́ èdè ni ó yà 'ihò ti ya' kúrò lára 'ẹ máa bá iṣẹ́ lọ'. Bákan náà ni bí ẹnì kan bá kígbe láti òkè pé, 'Ó ń bọ̀!' Ta ni ń bọ̀? Òkúta ni, oúnjẹ ni, àbí ọlọ́pàá? Nítorí pé ọ̀pọ̀ ń wa kùsà láìgba ìwé àṣẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ọlọ́pàá ni wọn yóò kọ́kọ́ rò. Èmi ìbá fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó gùn díẹ̀, tí ó dárúkọ ewu náà: 'Ilẹ̀ ń ya! Ẹ sá!' Ṣùgbọ́n èrò olùkọ́ tí ó jókòó sórí àga nìyẹn. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí wọ́n ń ké síra wọn, nínú ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, àti ní èdè Haúsá pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wá láti òkè ọya. Ètò tí ó bá gbọ́ Yorùbá nìkan, yóò fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ nínú ihò.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí mo bá fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ni pé kí ó mú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ẹnu ihò, kí ó bi àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ léèrè pé: kí ni ẹ ń pè é nígbà tí ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún omi? Kí ni ẹ máa ń gbọ́ kí ó tó ya? Ìgbà wo ni ẹ sá kẹ́yìn, kí ni ó sì mú yín sá? Àwọn ìtàn wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí a fi ṣe ìbéèrè inú ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Kentucky ti ṣe é pẹ̀lú tàdáwà àìrí wọn.

Alága ètò, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ òkúta náà wà nínú gbọ̀ngán yìí, ó sì ti nawọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìlù. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè tirẹ̀.